Ta Ni Yóò Gbé Fóònù Lóru?

Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni mo gbà dé Ṣàgámù. Láti Berger, a kọjá Kara níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù àti àgbò, a kọjá Ìbàfò àti Mowé, a fi àgọ́ Ridíìmù sẹ́yìn, kí awakọ̀ tó já wa sílẹ̀ ní oríta tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Interchange, níbi tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde àti Bẹ̀nì ti yà kúrò lára ti Ìbàdàn. Ọ̀nà dá lọ́jọ́ náà, a kò pẹ́ rárá. Ohun tó gbé mi jáde nílé kì í ṣe òde àríyá. Ọmọ àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Mákùn ló pè mí pé òun fẹ́ lọ ṣe ikùn ní Tọ́kì, pé kí n wá bá òun ka ìwé tí wọ́n ní kí òun fọwọ́ sí. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló mú mi tètè gbéra.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Mákùn kò ní mọ̀ pé ìlú ló wọ̀. Ilé Mákùn kan ilé àwọn aládùúgbò wọn, títì kan náà ló gba àárín wọn kọjá, àlejò kò sì ní rí ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ọmọ Mákùn, yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Ẹwùsì ni ọba àwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Akárìgbò tó wà ní Ọ̀fin ni olórí gbogbo Rẹ́mọ. Ní ọdún 1872 ni àwọn ìlú kéékèèké mẹ́tàlá, tí Mákùn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kó ara wọn jọ sójú kan tí wọ́n sì di Ṣàgámù. Ogun ló ń jà nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Ìlú tó bá dá wà lápá kan, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ igbe rẹ̀, wọ́n ti kó o. Àwọn baba Rẹ́mọ rí i pé ibi tí igbe ẹni ti lè dé etí ara ẹni ló yẹ kéèyàn máa gbé. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìtàn yìí ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, bí ọ̀kadà ṣe gbé mi gba Sábó kọjá, láàárín àwọn agbọ̀n obì gbànja tí wọ́n fi ewé bò lórí, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe ń dún létí mi.

Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ àbúrò ìyá mi yìí. Ọmọ márùn-ún ló bí, ìbejì ló sì fi kádìí rẹ̀. Aṣọ ọmọdé àti aṣọ obìnrin ló ń tà. Ó ti lọ sí Istanbul rí, sí àdúgbò Laleli níbi tí àwọn oníṣòwò wa ti ń kó ọjà, nítorí náà kì í ṣe ẹni tí ìlú òyìnbó ń bà lẹ́rù. Kí n tó sinmi tán, ó ti gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú mi, ẹja yíyan yọrí nínú rẹ̀, epo rẹ̀ ń dán. A jẹun tán kó tó ti ilẹ̀kùn, kó tó ká bùbá rẹ̀ sókè.

Ohun tí mo rí kì í ṣe ti aṣehàn. Awọ ikùn rẹ̀ ti fẹ̀ kọjá ara rẹ̀, ó ṣẹ́po wálẹ̀, abẹ́ ìṣẹ́po náà pupa, ó ń yún un, pátá ni kò lè dì mọ́ra. Àtíkè ló fi ń tọ́jú rẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tó dùbúlẹ̀ tó gbé orí sókè díẹ̀, àlàfo là gbọọrọ láàárín ikùn rẹ̀, ìka mẹ́ta mi wọ̀ ọ́ geere. Iṣan méjì tó yẹ kó fara kan ara wọn níwájú ikùn ti yà láti ìgbà oyún ìbejì, wọn kò sì padà pàdé. Nítorí rẹ̀ ni ẹ̀yìn fi ń ro ó. Ní ọjà, wọ́n a máa bi í pé oṣù mélòó ló ti tó. Ọdún kẹfà rèé tó ti bímọ gbẹ̀yìn. Mo kọ èyí síbí kí àwọn tó máa ń fi ẹnu ṣá irú obìnrin báyìí ní ìṣákúṣàá lè gbọ́. Iṣẹ́ abẹ wà fún ohun tó ń ṣe é, iṣẹ́ abẹ gidi ni, ẹni tó bá wá a kò sì jẹ̀bi ohunkóhun.

Ó wá ṣí fóònù rẹ̀ fún mi. Ájẹ́ńtì kan ní Èkó, ọmọbìnrin tí kò rí sójú rí, ló ti bá a ṣètò gbogbo rẹ̀ lórí WhatsApp. Owó kan ṣoṣo ni yóò san: òtẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ tí yóò wá gbé e ní pápákọ̀ òfurufú wà nínú rẹ̀, ògbufọ̀ wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ abẹ wà nínú rẹ̀. Wọn yóò gé awọ ikùn, wọn yóò so iṣan pọ̀, wọn yóò fa ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọ̀rá tí wọ́n bá fà jáde, wọn yóò rọ ọ́ sí ìdí fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ájẹ́ńtì náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pé èènì ni. Ìyá Ìbejì kò tilẹ̀ béèrè fún ìdí. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà ni, kò sì sí ọlọ́jà tí wọ́n ń fún ní èènì tí yóò ní òun kò gbà.

Mo ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ dókítà kò sí níbẹ̀, “àwọn oníṣẹ́ abẹ wa” nìkan ni wọ́n ń kọ. Ọjọ́ kẹfà ni bàálù yóò gbé e padà. Bí ìjà bá dé, ilé ẹjọ́ Tọ́kì ni wọn yóò ti gbọ́ ọ. Mo bi í pé kí ni bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ. Ó wolẹ̀. Ọjà ló sọ fún un pé òun ń lọ rà, ó sì fẹ́ ra ọjà náà lóòótọ́, kí irọ́ má baà hàn: yóò ṣe iṣẹ́ abẹ, yóò sinmi díẹ̀, yóò lọ sí Laleli, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì gbé e wá sílé. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ikùn rẹ̀ láti ìbàdí dé ìbàdí, tí kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun ló fẹ́ máa wọ́ àpò aṣọ kiri Istanbul.

Mo bi í bóyá ó rántí Stella Ọbásanjọ́. Ó ní òun rántí, pé òun ṣì kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n òun rántí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ẹnu gbogbo ayé.

Ìparí ọ̀sẹ̀ burúkú ni ìparí ọ̀sẹ̀ tí Stella kú jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní alẹ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, bàálù Bellview tó gbéra láti Èkó sí Àbújá já lulẹ̀ ní abúlé Lísà, ní agbègbè Ifọ̀. Gbogbo èèyàn 117 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ọ̀fọ̀ yẹn ni orílẹ̀-èdè ṣì ń ṣe tí ìròyìn mìíràn fi wọlé láti Sípéènì lọ́jọ́ kejì pé ìyàwó Ààrẹ Ọbásanjọ́ ti kú. Ọmọ Ẹ̀sán ni Stella, láti ìpínlẹ̀ Ẹdó, ṣùgbọ́n ìyàwó Abẹ́òkúta ni. Òun ló dá Child Care Trust sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara. Ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé ẹni 60 ọdún.

Ilé ìwòsàn ìṣaralóge kan ní Puerto Banús ló lọ, ní Marbella, létíkun gúúsù Sípéènì, ibi tí àwọn olówó ayé ti ń gbafẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ṣókùnkùn mọ́, ilé ẹjọ́ ti tú u palẹ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá kì í kọjá ibi tí ọ̀rá wà, lábẹ́ awọ. Ti ọjọ́ yẹn kọjá ibẹ̀, ó wọ inú ikùn lọ́hùn-ún, ó lu ìfun, ó sì ṣe ẹ̀dọ̀ léṣe. Nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n pe dókítà lórí fóònù alágbèéká rẹ̀. Wákàtí ń gorí wákàtí, kò gbé e. Nígbà tí wọn yóò fi gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ilé ẹjọ́ kan ní Málaga dá dókítà náà lẹ́bi pé àìbìkítà rẹ̀ ló fa ikú náà. Wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ dókítà fún ọdún mẹ́ta, kó sì san 120,000 yúrò fún ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀.

Ìgbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ fóònù yìí ni Ìyá Ìbejì gbójú sókè. Èmi náà, ibẹ̀ ló ń gbé mi lọ́kàn jù láti ọjọ́ tí mo ti kà á. Ọwọ́ dókítà lè ṣì, ní Sípéènì, ní Èkó, ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ti òun kì í ṣì, ẹ sá fún un. Ṣùgbọ́n ìfun tó lu, bí wọ́n bá tètè mọ̀, wọ́n á tètè ṣí ikùn padà, wọ́n á rán an, aláìsàn á sì máa bẹ láyé. Àárín ìgbà tí ara kọ́kọ́ ni ènìyàn àti ìgbà tí ẹni tó mọ ohun tó ṣe sí i lára dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni ìyè àti ikú ti ń pínyà. Ìyàwó Ààrẹ ni Stella. Ó ní ẹ̀ṣọ́, ó ní aṣojú ìjọba ní Madrid, kò sí iye owó tí wọn kò lè san nítorí rẹ̀. Kò sì rí ẹni tó gbé fóònù.

Nígbà tó di òru, tí ilé ti pa rọ́rọ́, Ìyá Ìbejì wá kan ilẹ̀kùn yàrá tí mo sùn sí. Oorun kò kùn ún. Nọ́ńbà pàjáwìrì kan wà nísàlẹ̀ ìwé wọn, wọ́n kọ wákàtí mẹ́rìnlélógún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. “Àǹtí,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká pè é.” Agogo méjìlá àbọ̀ òru ni ní Mákùn. Wákàtí méjì ni Tọ́kì fi ṣíwájú wa, nítorí náà agogo méjì àbọ̀ ni ní ọ̀dọ̀ wọn. A jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi fóònù sórí ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ ohùn rẹ̀ síta. Ó dún, ó dún títí ó fi já. Ó tún un pè, ó tún já. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn obìnrin kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sọ nǹkan ní èdè Tọ́kì, ó sì pa á. Ó wá kọ̀wé sí ájẹ́ńtì Èkó lórí WhatsApp pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya òun lóru, ta ni òun yóò pè. Èsì àdáfọ̀ kan fò jáde lójú ẹsẹ̀: wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n ní àwọn ń ṣiṣẹ́ láti agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì fi àwòrán òdòdó sí i.

Kò sọ̀rọ̀. Ó dojú fóònù dé sórí àga, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ mọ́, a lọ sọ́dọ̀ Màmá kan ládùúgbò tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Yàrá iṣẹ́ abẹ ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Orí àpótí ló jókòó sí lẹ́yìnkùlé tó ń ṣa ẹ̀fọ́. A kúnlẹ̀ kí i, a sọ ohun tó gbé wa wá, kò yà á lẹ́nu. Ó ní kí Ìyá Ìbejì na ẹsẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ iṣan ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti kókósẹ̀ lọ sókè, bí ìgbà tó ń wá nǹkan tó sọnù síbẹ̀.

“Ibí ni ikú rẹ ń gbé,” ó ní. “Kì í ṣe ojú ọgbẹ́.”

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ ilé ìwé. Ẹni tó dùbúlẹ̀ pẹ́ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, tó tún dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nítorí pé ikùn ń dùn ún, ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rìn dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rìn a máa dì. Bí èyí tó dì náà bá já, yóò gba inú ọkàn kọjá lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró, ènìyàn tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yóò sì ṣubú lulẹ̀. Ẹ wá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sínú bàálù tí yóò jókòó fún nǹkan bí wákàtí méje láti Istanbul dé Èkó, orúnkún kíká, omi kò tó o mu. Òun nìdí tí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ fún àwọn èèyàn wọn pé ẹni tó gé awọ ikùn tàbí tó ṣe ojú kò gbọdọ̀ wọ bàálù kí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá tó kọjá. Ìwé Ìyá Ìbejì ní ọjọ́ kẹfà, tí wọ́n bá sì ka ọjọ́ tó gúnlẹ̀ àti ọjọ́ àyẹ̀wò kúrò, kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí yóò fi sinmi.

Màmá bi í pé ṣé ó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ó ń lo oníhóró. Màmá ní oògùn yẹn náà a máa mú ẹ̀jẹ̀ dì, ṣé ó sọ fún wọn? Wọn kò bi í. Ó bi í ní jẹ́nótáìpù rẹ̀. AS ni. Ṣé wọ́n bi í? Wọn kò bi í. Tó bá jẹ́ SS ni ńkọ́, tí atẹ́gùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ oorun ní ilé ìwòsàn tí wọn kò ti mọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ dunjú? Ó gbé irun Ìyá Ìbejì sápá kan, ó sì fi ìka kan kókó dídán tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀, níbi tó ti lu etí ní kékeré. Kílóídì. Awọ dúdú ló ń ṣe é jù. Ẹni tí etí lílu lásán bí kílóídì fún, ojú àpá tó gùn láti ìbàdí dé ìbàdí lè di nǹkan tí yóò máa yún un, tí yóò máa dùn ún títí ayé. Dókítà tó bá wo aláìsàn kí ó tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rí kókó yẹn. Àwòrán ikùn nìkan ni Ìyá Ìbejì fi ránṣẹ́, ikùn nìkan ni wọ́n sì wò.

Nígbà tí a dé orí èènì ìdí, Màmá gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá ló wà lábẹ́ ẹran ìdí. Bí ẹni tó ń rọ ọ̀rá bá ti abẹ́rẹ́ náà jìn wọ inú ẹran, tó kan ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rá yóò bá ẹ̀jẹ̀ rìn lọ sí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, kò sì sí oògùn tí í yọ ọ̀rá kúrò níbẹ̀. Èmi náà fi ohun tí mo ti kà kún un fún wọn. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ní Amẹ́ríkà rí i pé ó lè tó ẹnì kan nínú 3,000 tó ń kú nídìí rẹ̀. Nínú iṣẹ́ abẹ ìṣaralóge, iye yẹn pọ̀ púpọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BAAPS, ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn má ṣe é mọ́ rárá. Lónìí, àwọn tó ṣì ń ṣe é dáadáa máa ń fi ẹ̀rọ tí a fi ń wo oyún wo ibi tí abẹ́rẹ́ dé, kó má baà kọjá abẹ́ awọ. Láàárín ọdún 2009 sí 2022, ọmọ Amẹ́ríkà 93 ló kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìṣaralóge ní Dominican Republic nìkan, ọ̀rá àti ẹ̀jẹ̀ dídì yìí ló sì pa ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò òkú wọn. Ní ti Tọ́kì, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kéde pé láti oṣù Kìíní ọdún 2019, ó lé ní 25 nínú àwọn ọmọ wọn tó kú lẹ́yìn ìtọ́jú tí wọ́n wá lọ síbẹ̀.

Ọmọ tiwa náà wà nínú irú ìtàn yìí. Ní ọdún 2011, ọmọbìnrin ẹni 20 ọdún kan, ọmọ ìran Nàìjíríà tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ bàálù lọ sí Philadelphia kí wọ́n lè fún un ní abẹ́rẹ́ ìdí. Inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti fún un, sílíkóònù ni wọ́n fi kún abẹ́rẹ́ náà, obìnrin tó fún un kì í sì í ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Kò rí ọ̀sẹ̀ yẹn parí. Ní ọdún 2015 ni ilé ẹjọ́ dá obìnrin náà lẹ́bi ìpànìyàn, wọ́n sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá sí ogún.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Tọ́kì ni mò ń bà jẹ́. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìjọba wọn tilẹ̀ ní ìwé àṣẹ kan tí ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ máa tọ́jú àjèjì gbọ́dọ̀ gbà, ẹni tó bá fẹ́ lọ lè béèrè rẹ̀ kó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ni ilé náà kò ṣàì ní ewu tirẹ̀. Ní ọdún 2020, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti ilé ìwòsàn ìṣaralóge kan pa ní Èkó lẹ́yìn tí ẹnì kan kú. Kì í ṣe òkèèrè nìkan ni ewu wà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òkèèrè fi kún un tí ilé kò ní, òun ni pé ẹni tó gé ọ kò sí nítòsí mọ́ nígbà tí ọgbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Màmá rán wa létí àwọn olóólà ayé àtijọ́. Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gé ara nítorí ẹwà. Ilà ojú, kóló, ọ̀bẹ ló ṣe gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀bẹ olóólà mọ́, ọmọ ló tibẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìdílé mọ ilé olóólà. Ó kọlà tán, ó fún omi ìgbín sí i, ó tún padà wá wo ojú ilà náà títí ó fi san. Bí ó bá wú, wọn kò ní wá a tì. Ìyá ọmọ yóò gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, yóò sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Kí a tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, Màmá ní kí Ìyá Ìbejì mú bírò. Ó pè é fún un bí olùkọ́, òun náà ń kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Orúkọ dókítà tí yóò di ọ̀bẹ mú, ní kíkún, àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́. Kí dókítà náà fúnra rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ lójú fídíò kó tó san kọ́bọ̀ mìíràn. Ta ni yóò fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, ṣé dókítà ni àbí ẹlòmíràn? Bí ara bá yíwọ́, ilé ìwòsàn ńlá wo ni wọn yóò gbé e lọ, báwo ló ṣe jìnnà tó, ta ni yóò san owó rẹ̀? Ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò tí àwọn tó ń fúnni ní físà máa ń béèrè kì í sábà san owó ìpalára tó bá tara iṣẹ́ abẹ tí èèyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ ṣe. Ta ni yóò bá a lọ, tí yóò sùn tì í? Àti nígbà tó bá dé Ṣàgámù, dókítà wo ló ti gbà láti máa wo ọgbẹ́ náà, tí yóò sì ní ìwé ohun tí wọ́n ṣe sí i lára lọ́wọ́? Ibi tó tẹnu mọ́ jù nìyẹn. Ó ní ó ti ṣojú òun rí tí wọ́n gbé obìnrin kan dé láti òkèèrè, ikùn rẹ̀ ń tú jáde, kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n gé, kò sí ẹni tó mọ oògùn tí wọ́n fún un, òun náà sì kọ̀, kò sọ, nítorí àwọn àna rẹ̀ dúró yí i ká.

Àṣírí yìí ni mo bá a jà lé lórí nígbà tí a ń padà sílé. Mo ní kò sí ẹni tó ní kó pe ọlọ́fòófó, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ ìlú tó wà, orúkọ ilé ìwòsàn, ọjọ́ tí wọn yóò gé e, kí ẹni náà sì ní ẹ̀dà páàsìpọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ́wọ́ àti nọ́ńbà ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Ankara. Ẹni tí ilé rẹ̀ rò pé ọjà ló lọ rà, ọjọ́ mélòó ni fóònù rẹ̀ yóò fi dákẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a?

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo wà níbẹ̀. Bàbá Ìbejì kò pariwo bí a ti rò. Ó béèrè pé ṣé nítorí ẹ̀yìn tó ń ro ó ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin náà sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó ní kí ló dé tí wọn kò tíì bi ẹnikẹ́ni ní ilé ìwòsàn tiwa. Òótọ́ ló sọ. Láti Mákùn, ẹsẹ̀ kò jìn sí OOUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní Ṣàgámù ní ọdún 1986. Ilé ìwòsàn Igbobi ní Èkó àti UCH ní Ìbàdàn ní àwọn oníṣẹ́ abẹ tó kọ́ṣẹ́ àtúnṣe ara, àwọn kan náà tó ń tún awọ àwọn tí iná jó ṣe. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, NAPRAS, orúkọ dókítà tó bá sì tọ́ láti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà wà lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè béèrè.

Ájẹ́ńtì fèsì sí àwọn ìbéèrè ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà náà nígbà tó yá. Ó ní àwọn kì í sọ orúkọ dókítà títí oníbàárà yóò fi gúnlẹ̀, àti pé ìdajì owó tó ti san kò ṣeé dá padà. Ìyá Ìbejì ní kí owó náà lọ. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Owó àjọ ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dá a. Dókítà kan ti yẹ̀ ẹ́ wò ní Igbobi báyìí, ó ní iṣan náà ṣeé so, ó sì ní kó kọ́kọ́ yí ọ̀nà ìfètò-sọ́mọ-bíbí rẹ̀ padà. Tọ́kì ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Bó bá yá, ó lè lọ síbẹ̀, èmi kò sì ní dí i lọ́wọ́ bí ó bá ti ní orúkọ dókítà lọ́wọ́, tí ẹnì kan sì ń bá a lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń dá àjọ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má san ìyókù owó yín lọ́sàn-án. Ẹ dúró di agogo méjì òru, kí ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì tí wọ́n fún yín. Bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá gbé e, tó gbọ́ èdè tí ẹ ń sọ, tó sì mọ ohun tí yóò ṣe fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lọ́jọ́ kẹta iṣẹ́ abẹ, ẹ máa bá ètò yín lọ. Bí kò bá sí ẹni tó gbé e, ẹ fi owó yín sápò.